Ẹ Bi Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Léèrè

Àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan ni Oyèníkẹ́ bá ọkọ rẹ̀ lórí àpótí lẹ́bàá ojú fèrèsé, tó ń fi abẹ gé ẹ̀yìn bàtà dúdú tó máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ń rọra gé e bí ẹni tó ń bó ọsàn fún ọmọdé, kí awọ má baà ya kọjá ibi tó fẹ́. Bàtà náà kò gbó, kò sì já. Àná ló kùn ún tó ń dán.

"Bàbá Níyì, kí ni bàtà ṣe yín?"

"Kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ó kàn ń fún mi díẹ̀ ni."

"Bàtà tí ẹ ti ń wọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ya ṣọ́ọ̀ṣì sí mímọ́, òní ló wá ń fún yín?"

"Awọ máa ń súnkì lásìkò ọyẹ́," ni Jóòbù wí, ó sì rẹ́rìn-ín. "Lọ múra, ká má pẹ́. Ìwọ lo máa ń jẹ́ ká pẹ́."

Oyèníkẹ́ kò lọ. Ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ ló ń wò. Méjèèjì ti wú. Ọrùn ẹsẹ̀ kò yàtọ̀ sí ojúgun mọ́, awọ ibẹ̀ sì ń dán bíi ti ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òróró pa lára. Jóòbù gé bàtà kejì, ó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó jẹ́ kí ṣòkòtò rẹ̀ wọ́ bò ó nílẹ̀, ó sì dìde bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà, Oyèníkẹ́ kò gbọ́ ìwàásù. Àwọn akọrin ló ń wò. Jóòbù ló ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ fún ẹgbẹ́ akọrin láti ìgbà tí Olúwaníyì, ọmọbìnrin wọn tó ti di olùkọ́ ní Àkúrẹ́ báyìí, ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ni àwọn yòókù máa ń fara tì. Lọ́jọ́ yìí, ó ń dákẹ́ láàárín ìlà orin kó tó lè mí, níbi tí akọrin kankan kì í ti í mí. Ọ̀gá akọrin bojú wẹ̀yìn wò ó. Jóòbù mi orí sí i pé kó máa bá a lọ.

Kí ẹni tó ń ka ìtàn yìí má ṣe rò pé òpùrọ́ ni Jóòbù. Bàbá rẹ̀ ni katikíìsì ní ìlú kékeré kan lẹ́bàá Ìkọ̀lé-Èkìtì, òun ló sì kọ́ ọ láti kékeré pé bí ènìyàn bá béèrè àlàáfíà rẹ̀, ọpẹ́ ni kó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Bí ọmọ bá fi àròyé dáhùn, bàbá náà á bi í bóyá ó ti gbàgbé ẹni tó jí i lówùúrọ̀. Ẹ̀kọ́ yìí wọ Jóòbù lára débi pé nígbà tí ẹ̀rọ gé e ní ìka ọwọ́ ní iléeṣẹ́ aṣọ tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìkejà, tó gbé ọwọ́ wálé nínú àkísà, gbogbo ẹni tó kí i lójú ọ̀nà láti ibùdókọ̀ dé ẹnu ilé ló dá lóhùn pé, "Ara le, a dúpẹ́." Ẹ̀jẹ̀ sì ń kán sílẹ̀ tẹ̀lé e.

Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀. Dókítà Ayọ̀tọ́lá ni, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kékeré tí ìjọba kọ́ sí àdúgbò wọn ní Ìfàkò. Ọkùnrin kúkúrú ni, kì í pariwo, ó sì mọ gbogbo ilé wọn. Ó mọ̀ pé ara Olúwaníyì kì í gba oògùn ibà kan, pé yíyún ló máa ń dá sí i lára. Ó mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ Oyèníkẹ́ kì í tó. Ó sì mọ ẹnu Jóòbù. Bí Jóòbù bá jókòó síwájú rẹ̀, dókítà á kí i, Jóòbù á ní ara le, dókítà á bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá Níyì, ẹnu yín kọ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ yín ni mo fẹ́ bi léèrè."

Á wá dìde lórí àga rẹ̀, á lóṣòó, á fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun Jóòbù, á sì máa wo ibi tó tẹ̀. Bí ó bá kún padà kíá, á ní ẹsẹ̀ ti jẹ́rìí sí ẹnu. Bí ó bá pẹ́ kó tó kún, á gbójú sókè, á ní, "Ẹsẹ̀ yín ní irọ́ lẹ ń pa o." Jóòbù náà á rẹ́rìn-ín. Dókítà á fún un ní hóró oògùn funfun tó máa ń jẹ́ kó tọ̀ dáadáa, ẹsẹ̀ á sì fà. Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a bọ̀.

Nígbà tí àwọn alágbádá gba ìjọba lọ́wọ́ ológun, wọ́n kéde pé ìtọ́jú ti di ọ̀fẹ́ ní gbogbo ọsibítù ìjọba. Inú ará ìlú dùn, ó sì yẹ kó dùn, nítorí ọ̀pọ̀ wà tí kò rí dókítà rí láyé wọn. Àwọn èrò ya dé. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà kò pọ̀ bí èrò ṣe pọ̀, owó oṣù wọn kì í sì tètè jáde, ni wọ́n bá ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó di ọdún kejì, Dókítà Ayọ̀tọ́lá náà gba iṣẹ́ ní Sáúdì. Ó wá dágbére fún wọn nínú ilé. Nígbà tí Oyèníkẹ́ sìn ín dé ẹnu géètì, ó dúró, ó ní, "Ìyá Níyì, ẹ máa bá mi bi ẹsẹ̀ yẹn léèrè o."

Wọn kò fi dókítà mìíràn rọ́pò rẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì nìkan ló kù, wọ́n ń di egbò, wọ́n ń fún àwọn ọmọ ní oògùn ibà. Ẹni tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ bá ju ìyẹn lọ, ọsibítù ńlá ni wọ́n máa ń júwe fún un. Hóró oògùn funfun náà sì tán kí ọyẹ́ ọdún náà tó dé.

*

Màrdíyyàh ló kọ́ Oyèníkẹ́ bí wọ́n ṣe ń rí dókítà ní ọsibítù ńlá. Ilé kan náà ni wọ́n jọ ń gbé. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ń rán aṣọ ọmọdé tà, ọkọ rẹ̀, Làsísì, sì ń jó irin lẹ́bàá ojú irin ní Agége. Ìyá Teslim ni gbogbo ilé ń pè é, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ.

"Ìyá Níyì, bí ẹ bá dúró kí oòrùn yọ, ojú géètì lẹ ó máa wò títí wọn ó fi tì í. Ẹ gbé nǹkan síbẹ̀ ní ìdájí. Òkúta ni, ìgò ni, ohun tó bá wù yín. Ohun tí ẹ gbé kalẹ̀ ló ń dúró fún yín lórí ìlà. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé nǹkan tó dáa síbẹ̀ o, nítorí olè náà máa ń ṣàìsàn."

Oyèníkẹ́ rọ iyanrìn kún agolo wàrà kan, ó so aṣọ pupa mọ́ ọn lọ́rùn kó lè dá a mọ̀. Ní ìdájí, á gbé e lọ sí ẹnu géètì, á tò ó sẹ́yìn àwọn bíríkì àti ìkòkò fífọ́ àti sálúbàtà ẹsẹ̀ kan tí wọ́n ti wà níbẹ̀ ṣáájú. Lójoojúmọ́ ni wọ́n máa ń pín nọ́ńbà tán kó tó kan agolo rẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn dókítà yanṣẹ́ lódì, géètì wà ní títì, síbẹ̀ àwọn bíríkì kò kúrò lórí ìlà. Nígbà tí wọ́n ṣí i, ó jẹ́ bí ẹni pé gbogbo Ìkejà àti Agége ti fi àìsàn pamọ́ de ọjọ́ náà. Ẹsẹ̀ Jóòbù ti wú dé orúnkún. Ìrọ̀rí tó ń gbórí lé ń ga sí i, nítorí bí ó bá dùbúlẹ̀ gbalaja, èémí á há a.

Lọ́jọ́ tí wọ́n rí nọ́ńbà gbà nígbẹ̀yìn, Oyèníkẹ́ sáré wálé wá pe ọkọ rẹ̀. Ó bá a nínú aṣọ tó fi ń gba ara Olúwa, kóòtù àti táì, ó sì ti fá irùngbọ̀n. Bàtà gígé yẹn ló wọ̀.

"Bàbá Níyì, ẹ wọ sálúbàtà, kí dókítà lè rí ẹsẹ̀ yín."

"Ṣé sálúbàtà ni wọ́n ń wọ̀ lọ síwájú dókítà ni? Kó wá rò pé mi ò nílé, mi ò lọ́nà?"

Kò sí bó ṣe lè yí i lọ́kàn padà. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú àwọn èrò yòókù, wọ́n ń sún síwájú díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó kàn wọ́n, nọ́ọ̀sì tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn nawọ́ sí Jóòbù. Oyèníkẹ́ náà dìde.

"Màmá, ta ló ń ṣàìsàn nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

"Ọkọ mi ni. Ṣùgbọ́n kì í lè sọ…"

"Ṣé odi ni wọ́n ni?"

"Rárá o, ọmọ mi."

"Ẹ jókòó nígbà náà, màmá. Yàrá yẹn kéré. Bí mo bá ń jẹ́ kí ìyàwó wọlé, ìyá ọkọ náà á ní òun fẹ́ wọlé."

Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín. Jóòbù náà rẹ́rìn-ín, ó tún táì rẹ̀ ṣe, ó wọlé. Oyèníkẹ́ di ojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà. Àdúrà náà kò tíì dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe àmín tí Jóòbù fi jáde. Ìwé kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ń dán bíi ti ọmọ ilé ìwé tó yege.

Ní ojú fèrèsé oògùn, fítámì ni wọ́n kà fún wọn, àti oògùn ibà. Wọ́n jáde dé abẹ́ igi tó wà lẹ́yìn géètì, Jóòbù dúró níbẹ̀ láti mí, Oyèníkẹ́ sì kọjú sí i.

"Kí lẹ sọ fún dókítà?"

"Ọmọ dáadáa ni," ni Jóòbù wí. "Ó dìde fún mi. Ó ní, 'Bàbá, ẹ káàárọ̀ sà, ṣé ara le?'"

"Ẹ̀yin wá ní kí ni?"

"Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Mo ní ara le, a dúpẹ́."

"Bàbá Níyì!"

"Mo sọ fún un pé ó máa ń rẹ̀ mí díẹ̀. Ó béèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe, mo sọ fún un. Ó ní kí n máa sinmi."

"Ẹsẹ̀ yín ńkọ́?"

Jóòbù wolẹ̀. "Kò béèrè ẹsẹ̀," ni ó wí.

Ọ̀rọ̀ náà dun Oyèníkẹ́ débi pé ó rìn síwájú, ó fi í sílẹ̀ lábẹ́ igi. Ìgbà tó wẹ̀yìn tó rí i, tó ń fa ẹsẹ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú kóòtù dúdú lábẹ́ oòrùn, tó sì tún ń kí àwọn tó ń ta omi létí títì, ló padà lọ di apá rẹ̀ mú.

Nígbà tí Màrdíyyàh gbọ́, ó gbé aṣọ tó ń rán kalẹ̀.

"Ẹ̀yin onígbàgbọ́ àti a dúpẹ́ yín! Àwa náà ń sọ Alihamudulilai, Bàbá Níyì. Ṣùgbọ́n bí inú bá ń run mí, bí mo bá ti sọ Alihamudulilai tán, mo máa ń fi igbe tì í lẹ́yìn."

"Ìyá Teslim, ẹ fi mí lọ́rùn sílẹ̀ o."

"Mi ò fi yín sílẹ̀. Bí ẹ bá débẹ̀ nígbà mìíràn, ẹ sunkún. Ẹ sunkún bí ọmọdé. Àwọn tó ń sunkún ni wọ́n ń dá lóhùn níbẹ̀."

Jóòbù rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Ikọ́ náà kò tètè lọ.

*

Láti ọjọ́ náà ni nǹkan ti ń burú sí i. Jóòbù kò lè lọ síbi iṣẹ́ mọ́. Orí àga ló ń sùn, ó fi orí lé orí tábìlì. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wá, wọ́n gbàdúrà, wọ́n kọrin, Jóòbù ń fi ètè bá wọn kọ ọ́ láìsí ohùn. Ẹni tó bá kí i, ara le ló ń dá a lóhùn.

Oyèníkẹ́ nìkan padà lọ sí ọsibítù. Ó ní bóyá wọ́n á jẹ́ kí òun fi ẹnu ara òun sọ ọ́. Nọ́ọ̀sì ọjọ́sí ló bá, ó bọ́ bàtà rẹ̀ kan, ó ń fi ọwọ́ ra ẹsẹ̀ tó dúró lé láti àárọ̀.

"Màmá, aláìsàn dà?"

"Ó wà nílé. Kò lè dúró lórí ìlà mọ́."

"Ta wá ni dókítà fẹ́ wò? Ṣé ẹ̀yin ni?"

"Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ máa ń…"

"Dókítà wo?"

"Dókítà Ayọ̀tọ́lá, ti Ìfàkò."

"Mi ò mọ̀ wọ́n, màmá." Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìkanra. Ó rẹ̀ ẹ́ ni. "Níbí, ẹni tó bá wà lórí àga lónìí lẹ ó rí. Lọ́la, ẹlòmíràn ni. Ẹ gbé bàbá wá."

Làsísì ló gbé wọn lọ nígbẹ̀yìn, nínú ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tó fi ń kó irin. Wọ́n tẹ́ ẹní sí ẹ̀yìn ọkọ̀, Oyèníkẹ́ sì fi àyà rẹ̀ ṣe ìrọ̀rí fún ọkọ rẹ̀. Bí àwọn èrò ṣe rí bí wọ́n ṣe gbé e sọ̀ kalẹ̀, wọ́n yà fún wọn. Kò sẹ́ni tó béèrè nọ́ńbà. Nọ́ọ̀sì kò béèrè ẹni tó ń ṣàìsàn. Ó ṣí ilẹ̀kùn gbayawu, ó ní kí ìyàwó náà máa bọ̀.

Dókítà tuntun ni wọ́n bá, obìnrin ni, kò lè tíì ju Olúwaníyì lọ. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹni tí kò sùn. Ó ń parí ìwé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde.

"Ẹ káàárọ̀ mà," ni ó wí láìgbójú sókè. "Ṣé dáadáa ni?"

Orúnkún Oyèníkẹ́ ti kanlẹ̀. "Dáadáa ni, mà. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

Dókítà náà fa ìwé mìíràn sọ́dọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. "Ibà ni, àbí?"

Nígbà náà ni Oyèníkẹ́ tó gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Òun tó ti ń bínú sí ọkọ rẹ̀ láti ọjọ́ yìí, òun tó ti ń to ọ̀rọ̀ jọ láti Ìfàkò dé ibẹ̀ nínú ọkọ̀, tó ń sọ ọ́ lásọtúnsọ kó má baà gbàgbé. Ó wo Jóòbù. Jóòbù ń wò ó. Ẹ̀rín díẹ̀ wà létí ẹnu ọkùnrin náà, bí ẹ̀rín ẹni tí ẹlòmíràn wá bá nínú ihò tó ti jìn sí.

Omi bọ́ lójú Oyèníkẹ́. Ó wọ́ sún mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ níbi tó kúnlẹ̀ sí, ó bọ́ sálúbàtà rẹ̀, ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè.

"Dókítà, ẹ dákun, ẹ má bi èmi àti òun ní nǹkan kan mọ́. A ò mọ bí wọ́n ṣe ń dáhùn. Ẹ bi ẹsẹ̀ rẹ̀ léèrè."

Dókítà náà gbójú sókè. Ó fi gègé sílẹ̀, ó dìde, ó lóṣòó gẹ́lẹ́ bí Dókítà Ayọ̀tọ́lá ti máa ń ṣe, ó fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun Jóòbù. Ihò náà wọlé jìn. Ó gbọ́wọ́ kúrò, ihò náà dúró síbẹ̀. Ó gbé okùn tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà sí etí, ó gbọ́ àyà Jóòbù, ó sì pẹ́ kó tó gbọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ tán.

"Ìgbà wo ló ti wà báyìí?"

"Láti àsìkò ọyẹ́."

"Tí ẹ wá jókòó sílé?"

"A wá, mà. Yàrá yìí náà la wọ̀. Fítámì ni wọ́n fún wa."

Dókítà náà rọra fa ṣòkòtò Jóòbù wálẹ̀ bò ó. Ó jókòó padà, ó sì sọ ọ́ fún Oyèníkẹ́ ní pẹ̀lẹ́ pé ọkàn Jóòbù ló ti rẹ̀, kò lágbára láti ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara mọ́, ìdí nìyẹn tí omi fi ń dúró sí i lẹ́sẹ̀, tó sì ti ń gun àyà rẹ̀. Oògùn wà fún un. Ó béèrè bóyá ó ti lo irú rẹ̀ rí. Oyèníkẹ́ ní hóró funfun kan wà. Dókítà béèrè orúkọ rẹ̀. Oyèníkẹ́ kò mọ̀ ọ́n. Orí Dókítà Ayọ̀tọ́lá ni orúkọ náà wà, ó sì ti bá a lọ sí Sáúdì.

*

Kò sí bẹ́ẹ̀dì. Orí ẹní ni wọ́n tẹ́ Jóòbù sí nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, títí bẹ́ẹ̀dì kan fi ṣófo nínú wọ́ọ̀dù. Kò sẹ́ni tó béèrè ibi tí ẹni tó wà níbẹ̀ lọ, nítorí wọ́n ti gbọ́ ẹkún ìyàwó rẹ̀. Dókítà obìnrin náà wá wò ó lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn èyí, Oyèníkẹ́ kò rí i mọ́. Wọ́n ní wọ́n ti gbé e lọ sí ẹ̀ka àwọn ọmọdé.

Lárààárọ̀, dókítà kan á wọlé, ti òní kì í ṣe ti àná. Á dúró lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, á kí Jóòbù. Jóòbù á ní, "Ara le, sà. A dúpẹ́." Oyèníkẹ́ á sì sáré bọ́ síwájú.

"Ẹ má gba ẹnu rẹ̀ gbọ́, dókítà. Bó ṣe máa ń sọ nìyẹn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ bi."

Àwọn kan á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tẹ ẹsẹ̀ náà. Àwọn mìíràn á ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká ṣiṣẹ́ wa." Ó di ohun tí gbogbo wọ́ọ̀dù mọ̀. Bàbá kan tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì, Wahab lorúkọ rẹ̀, kò lè jókòó, ṣùgbọ́n bí dókítà bá ti ń wọlé, á ti kígbe: "Ẹlẹ́sẹ̀, wọ́n ti dé o! Ẹ sọ fún wọn pé ara le!" Jóòbù á rẹ́rìn-ín tí kò ní ohùn. Oyèníkẹ́ náà á rẹ́rìn-ín. Nínú gbogbo ìrora ibẹ̀, ẹ̀rín yẹn ló ń mú un dìde lówùúrọ̀, nítorí bí Jóòbù bá ṣì lè sọ pé ara le, Jóòbù tirẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ nìyẹn.

Ó tilẹ̀ dà bí ẹni pé ẹsẹ̀ náà ń fà. Nígbà tó yá, oògùn tán ní ọsibítù. Wọ́n ní kí wọ́n rà á níta. Làsísì wá a kiri Agége, ó sì rí díẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Màrdíyyàh mú ẹ̀kọ gbígbóná wá, ó jókòó lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, kò sì ṣe yẹ̀yẹ́ kankan. Ìyẹn ló kọ́kọ́ ba Oyèníkẹ́ lẹ́rù.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀dọ́mọkùnrin dókítà kan ló wọlé, aṣọ funfun rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lábẹ́ ayọ́ọ̀nù. Wahab kò pariwo. Oorun ti gbé e lọ. Dókítà náà dúró lẹ́sẹ̀ Jóòbù.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀ sà. Ṣé ara ti ń le?"

Oyèníkẹ́ ti ń dìde láti bọ́ síwájú. Jóòbù yí ojú kúrò lára ògiri, ó wo ọmọkùnrin náà dáadáa, bí ẹni tó fẹ́ ràn án lọ́wọ́.

"Kò le, sà," ni ó wí.

Dókítà kọ nǹkan sílẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì kọjá sí bẹ́ẹ̀dì kejì.

Oyèníkẹ́ dúró sójú kan. Ọ̀rọ̀ tó ti fẹ́ kí ọkọ rẹ̀ sọ láti ọjọ́ tó ti gé bàtà, tó bá a jà lé lórí lábẹ́ igi, ó ti sọ ọ́ báyìí. Síbẹ̀ ẹ̀rù ló ba Oyèníkẹ́. Ó sáré tẹ̀lé dókítà, ó di etí aṣọ rẹ̀ mú.

"Dókítà, ẹ dúró. Ṣé ẹ gbọ́ ohun tó sọ?"

"Mo gbọ́, Màmá. Ó ní ara òun kò le. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀."

"Kò sọ ọ́ rí. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ, kò sọ ọ́ rí."

Ọmọkùnrin náà wò ó pẹ̀lú àánú. "Màmá, aláìsàn ni. Gbogbo ẹni tó wà nínú wọ́ọ̀dù yìí ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lárààárọ̀." Ó rọra yọ aṣọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Kí ni Oyèníkẹ́ ì bá tún sọ fún un? Kò mọ ọ̀nà tí èèyàn lè gbà sọ ìtàn katikíìsì Ìkọ̀lé àti ti ìka tó gé fún ẹni tó ní wọ́ọ̀dù odindi láti wò kí oòrùn tó mú. Ẹnì kan wà ní Sáúdì tó jẹ́ pé bí ó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ méjì yẹn, á fa àga, á jókòó, kò sì ní í tètè dìde.

Ó padà sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Bàbá Níyì," ni ó wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní ara le. Ẹ sọ ọ́ fún èmi nìkan."

Jóòbù wá ọwọ́ rẹ̀ lórí aṣọ bẹ́ẹ̀dì títí ó fi rí i, ó dì í mú.

Oyèníkẹ́ jókòó sí ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ó gbé ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ lé itan, ó fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun rẹ̀ bí Dókítà Ayọ̀tọ́lá ti fi rán an, ó sì gbọ́wọ́ kúrò. Ó tẹjú mọ́ ihò náà. Wọ́n ń gbé oúnjẹ kiri, wọ́n ń gbálẹ̀, ẹnì kan ń pe nọ́ọ̀sì ní òpin wọ́ọ̀dù. Ó ṣì jókòó síbẹ̀, ó ń dúró kó kún.